"Aláìlókùn" kò sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àgbádárìgì. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí a máa pe gbogbo ohun èlò Wáífáì inú ilé ní "ẹ̀rọ aláìlókùn". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ̀rọ kò ní ni orúkọ yẹn ń sọ, kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Amúnáwá, amúlétutù, amóhùnmáwòrán: bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe sọ ẹ̀rọ lórúkọ nìyẹn. Ẹni tí kò rí jẹnẹrétọ̀ rí, bó bá ti gbọ́ "amúnáwá", ó ti mọ ohun tó wà fún.

Orúkọ kan ṣoṣo fún ohun mẹ́ta a máa kó bá èèyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Àjárá ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ní yàrá ẹ̀yìn. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ "ẹ̀rọ Wáífáì". Wọ́n gbé ọ̀kan fún un. A ki ẹ̀rọ náà bọ ihò iná, iná aláwọ̀ ewé tàn lára rẹ̀, inú wa dùn. Kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Èyí tó ń gba Wáífáì lọ́dọ̀ ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé) tó sì ń tún un fọ́n ká ni wọ́n tà fún un, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà yẹn ò ní ohun tó lè fi gbà á rárá. Nǹkan kékeré bí èékánná àtàǹpàkò, tí wọ́n ń kì bọ ihò USB, ló yẹ kó rà.

Àbá tèmi rèé. Ráútà, apíndátàkálé. Èyí tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, agbadátà (ẹ má fi àmì ohùn rẹ̀ sílẹ̀ o, kó má baà di agbada tàbí agbádá). Èyí tó wà láàárín, alágbàtà. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Ṣebí alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n? Ẹ̀rọ yìí náà, bó bá jẹ́ ìgbì rédíò kan náà ló fi ń gbà Wáífáì tó tún fi ń fọ́n ọn, eré ìsopọ̀ á já sí nǹkan bí ìdajì. Orúkọ ti kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á kó tó sanwó.

Ìgbì náà ń fẹ́ orúkọ. Méjì tó wọ́pọ̀ nínú Wáífáì ilé ni 2.4 GHz àti 5 GHz. 2.4 GHz ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ, 5 sì yá jù ú lọ. Agbadátà tó bá mọ 2.4 nìkan kò ní rí 5 láéláé. Mo pè wọ́n ní arìnjìnnà àti asáré.

Ní ti ẹni tó ní ìkékúrú ni Wáífáì, pé ká túmọ̀ rẹ̀: orúkọ ọjà ni, Interbrand ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1999. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú bébà fún ọmọ náà nígbà tó ń padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù ní "alágbàtà" yé òun lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó bi í léèrè pé kí ni "agbadátà". Ẹni tó bá ní èyí tó yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dákun, ẹ mú un wá.