Kọ́ìnì tí mo tà: ṣé orí èrè nìkan ni wọ́n ń ṣírò owó-orí lé, àbí orí gbogbo owó?

Aránṣọ Ọjà Jágun, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Aránṣọ ni mí, n kì í sì í fi kírípítò ṣòwò lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 yìí, mo fi ₦600,000 tí mo ń tọ́jú de ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ra kọ́ìnì kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi júwe fún mi, lórí áàpù ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ kan ní ilẹ̀ wa níbí. Nígbà tí owó rẹ̀ gbéra, mo tà á ní ₦780,000.

Mo ti ń pè é ní èrè ₦180,000. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà, mo ń da rìsíìtì inú fóònù kọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo rí sì yàtọ̀. Nígbà tí mo rà á, wọ́n gba ₦6,000 lé e, wọ́n tún gba ₦450 tí wọ́n kọ VAT (owó-orí orí ọjà àti iṣẹ́) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tà á, ₦7,800 lọ, ₦585 tẹ̀ lé e, ₦771,615 ló sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ṣé VAT tí wọ́n ti gbà yìí ni owó-orí tí ìjọba ń sọ, tí ọ̀rọ̀ ti parí? Bí kò bá parí, ṣé orí ₦780,000 ni wọ́n máa ṣírò tèmi lé? Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ní ìdá mẹ́wàá gbogbo rẹ̀ ni, àyà mi sì já.

Oníṣirò Owó, Ọ̀yọ́
Àbúrò mi, o ṣe dáadáa tí o kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀.

Orí owó iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ ni wọ́n ti yọ VAT yẹn, ní 7.5%, ṣírò 7.5% nínú ₦6,000, wàá rí ₦450. Kò kan èrè rẹ rárá. Owó-orí ti èrè, ìwọ fúnra rẹ lo máa kéde rẹ̀.

Aládùúgbò rẹ kò parọ́ tán, òfin àná ló ṣì dì mú. Òfin Ìnáwó ọdún 2023 ló gbé 10% ka èrè kírípítò, èrè náà sì ni nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo owó. Òfin owó-orí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Òkúdù ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, ti yí ìyẹn padà. Ní báyìí, wọ́n ń da èrè kọ́ìnì pọ̀ mọ́ èrè yòókù tí èèyàn jẹ lọ́dún: ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 15%, lẹ́yìn náà ni yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé 25%.

Owó tí wọ́n gbà nígbà tí o ń rà á àti nígbà tí o ń tà á wà lára ohun tí a ń yọ. ₦606,450 lo ná, ₦771,615 ló padà wọlé, nítorí náà ₦165,165 ni èrè rẹ. Ká ní èrè iṣẹ́ ìránṣọ rẹ lọ́dún, lẹ́yìn owó òwú, owó iná àti owó ọmọṣẹ́, jẹ́ ₦1,100,000, gbogbo èrè kọ́ìnì yìí bọ́ sí ìpele 15%, bíi ₦24,775 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ₦500,000 ni èrè ṣọ́ọ̀bù, àròpọ̀ rẹ kò tó ₦800,000, o kò ní san nǹkan kan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n o ṣì máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìkéde owó-orí rẹ. Àjọ owó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lo máa fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí, ó pẹ́ tán ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún tó ń bọ̀. Má fi ṣeré: bí o kò bá fi ránṣẹ́, ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ nìkan jẹ́ ₦100,000, o sì rí iye tí owó-orí gan-an jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH
Ẹ̀gbọ́n, owó kan tún wà tí rìsíìtì kì í sọ. Lánàá, mo wo USDT, kọ́ìnì tí wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà, lórí áàpù kan tó ń pariwo pé òun kì í gba kọ́bọ̀: ₦1,420 ni wọ́n ń tà á, ₦1,385 ni wọ́n ń rà á padà, ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tó bá ra 500 tó sì tà á padà lójú ẹsẹ̀ ti fi ₦17,500 sílẹ̀ fún wọn. Èyí tó ń kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ síta tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Oníṣòwò Fóònù, Sábó
Kí ló dé tí kò ta á fún ẹlòmíràn ní tààrà? Ta ló máa rí i?

Oníṣirò Owó, Ọ̀yọ́
Òfin ti pọn ọ́n ní dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ kọ́ìnì láti fi orúkọ, NIN àti iye òwò oníbàárà ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí. Bó bá sì jẹ́ owó jìbìtì ni àjèjì tó rà á lọ́wọ́ rẹ fi san án, àkáǹtì tìrẹ ni báńkì máa tì.

Aránṣọ Ọjà Jágun, Ògbómọ̀ṣọ́
Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun kan wà tí ojú ń tì mí láti sọ. Mo ra kọ́ìnì mìíràn ní oṣù Igbe, ₦40,000 ló run síbẹ̀ kí n tó tà á. N kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Oníṣirò Owó, Ọ̀yọ́
Kọ ọ́! Níwọ̀n ìgbà tí o ti tà á, a máa yọ òfò yẹn lára èrè ti àkọ́kọ́: ₦125,165 ló kù, owó-orí rẹ̀ ní ìpele 15% yẹn sì di bíi ₦18,775. Ara èrè kọ́ìnì nìkan ni o ti lè yọ ọ́ o, má fi kan èrè aṣọ. Wá rìsíìtì rẹ̀ jáde nínú fóònù lálẹ́ òní, kí o tó pa áàpù náà rẹ́.