Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín to ọkọ̀, báwo lẹ ṣe rí họ́ọ̀sì àti fítíǹgì tiyín?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ oníjókòó méjì ni mò ń tò, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn awakọ̀, rédíétọ̀ wà níwájú pátápátá. Ìwé ìlànà tó bá a wá ṣàlàyé bóòtù fírémù lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ omi, ohun tó sọ kò ju pé kí n wá họ́ọ̀sì tó bá a mu lọ.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nídìí káńtà. "Ọkọ̀ wo ni? Ti ọdún wo?" Ẹ́ńjìnnì mi wá láti ara ọkọ̀ kan, rédíétọ̀ wá láti ara òmíràn, fírémù ò sì sí nínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dárúkọ ọkọ̀ tí mo ti tú ẹ́ńjìnnì, họ́ọ̀sì tí wọ́n á gbé jáde á yà sósì níbi tí tèmi ti ń lọ sọ́tùn-ún. Bí mo ṣe jáwọ́ nínú dídárúkọ ọkọ̀ nìyẹn. Mo mú wáyà líle, mo tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí omi máa gbà láti ẹnu ẹ́ńjìnnì dé ẹnu páìpù. Mo fi vernier, irin tí wọ́n fi ń wọn mìlímítà, wọn ẹnu méjèèjì, mo sì kọ ọ́ sára téèpù tí mo lẹ̀ mọ́ wáyà náà: 32 mìlímítà lápá kan, 38 lápá kejì. Mo wá bẹ ọ̀gá tó ń tajà pé kó jẹ́ kí n wọ ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n gbé họ́ọ̀sì kọ́ sí. Kò kọ́kọ́ fẹ́, àmọ́ nígbà tó rí wáyà, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a. Ara ọkọ̀ akẹ́rù la ti rí i. Mo gé orí, mo gé ìdí. Àárín ni mo nílò.

Tẹ́ ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gé e lójú ibi tó ti tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ibi tó gún régé ṣẹ́ kù lápá méjèèjì kí kílíìpù lè ríbi jókòó.

Láti ẹ̀yìn dé iwájú, abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, páìpù alumíníọ̀mù ni mo lò. Ẹ wo etí irú páìpù bẹ́ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó yẹ kó wú díẹ̀ yípo ẹnu rẹ̀. Páìpù tó kàn ń dán bọ̀rọ́ títí dé etí, bí omi bá gbóná tí ìfúnpá inú rẹ̀ dé bíi 1 bar, họ́ọ̀sì lè yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bó ti wù kẹ́ ẹ fún kílíìpù tó. Bákan náà, afẹ́fẹ́ máa ń há síbi tí páìpù bá ti gòkè jù. Mo fi ihò tí mo lè ṣí sí ibẹ̀ kí n tó de ara ọkọ̀ mọ́ ọn, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ò lè débẹ̀ mọ́.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú ọgbọ́n wáyà yẹn. Tèmi ti epo ni.

Ẹlòmíràn ló bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ tí mo rà, kò parí ẹ̀. Gbogbo họ́ọ̀sì epo rẹ̀ ni wọ́n fi wáyà irin hun lóde, ó ń dán gbinrin, ó wu ojú. Àmọ́ nígbà tí mo bá ti ilẹ̀kùn ibi tí mo gbé e sí, òórùn pẹtiróòlù á kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ń kán sílẹ̀. Mo gé ọ̀kan, mo sì tẹ rọ́bà inú rẹ̀: ó là pẹrẹpẹrẹ. Wáyà tó bò ó kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, kò sì jẹ́ ká rí ohun tí wọ́n kọ sára rọ́bà náà, bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ nǹkan kan.

Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ní báyìí, họ́ọ̀sì tí kò bá ní àkọlé lára, mi ò rà á. Àkọlé SAE J30R7 wà fún ọkọ̀ alákabúrétọ̀, tí ìfúnpá epo rẹ̀ kéré. Ẹ́ńjìnnì tèmi ń lo injector, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, níbi tí ìfúnpá ti sábà máa ń tó 3 bar tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà J30R9 ni mo rà; rọ́bà inú rẹ̀ sì tún ń fara da ẹtanọ́ọ̀lù inú epo ju ti àtijọ́ lọ. Ibi tó ṣòro ni ègé kékeré tó wà nínú táǹkì, láti orí pọ́ǹpù. Ẹni tó ń tajà ní họ́ọ̀sì epo ni họ́ọ̀sì epo, kí n gé lára R9 sí i. Mo ní rárá. Èyí tó máa gbé inú epo, epo wà nínú rẹ̀, epo wà lóde rẹ̀. J30R10 ni wọ́n ṣe fún ìyẹn. Owó ègé bíńtín yẹn, ẹ má bi mí.

Ẹnì kan tún ní kí n lo sílíkóònù aláwọ̀ búlúù nítorí pé ó rẹwà. Omi ló wà fún. Pẹtiróòlù máa ń yọ́ gba ara rẹ̀ jáde.

*

Bíréèkì ni tèmi, mi ò ní pẹ́.

Master cylinder (èyí tó ń ti omi bíréèkì) tí mo tú lára ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ M10×1: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, ìlà tírẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà kan. Nọ́ọ̀tì páìpù tó wà nínú kit, ìyẹn ẹrù tí mo fi ń to ọkọ̀, jẹ́ 3/8-24. Ẹ ṣírò rẹ̀: 3/8 íǹṣì jẹ́ 9.525 mìlímítà, ìlà 24 nínú íǹṣì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà kan ó lé díẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń fi ìka wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó wá ràn mí lọ́wọ́ ní ó ti bá a mu, kí n fún un. Mo ní kó dì í mú kó mì ín wò. Ó ń jì! Gééjì tírẹ́ẹ̀dì ló parí àríyànjiyàn náà. Adápítọ̀ M10×1 sí -3 AN ni mo fi sí i (AN jẹ́ irú fítíǹgì kan, nọ́ńbà tó ṣáájú ló ń sọ bó ṣe tóbi tó).

Ọ̀ràn etí páìpù tún wà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń fẹ etí páìpù bíréèkì, dígírì 45 ló ń ṣe. Fítíǹgì AN jẹ́ 37. Wọn ò ní jókòó síra wọn láéláé.

*

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ àwọn tó ń ṣe họ́ọ̀sì katakata. Fítíǹgì JIC tí wọ́n ń lò, dígírì 37 náà ni, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì bá ti AN mu: -6 jẹ́ 9/16-18, -8 jẹ́ 3/4-16. Irin ni tiwọn, ó wúwo ju alumíníọ̀mù aláwọ̀ mèremère lọ, kò sì wọ́n tó o. Mo gbé ìwọ̀n họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ sí kúlà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n tẹ fítíǹgì mọ́ ọn lójú mi.

Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè ìgbóná tí rọ́bà náà lè gbà. Púpọ̀ nínú họ́ọ̀sì wọn kò kọjá dígírì 100 Celsius, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ń lé sáré sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò jẹ́ gbé ti bíréèkì tàbí ti epo lọ bá wọn ní tèmi o.

*

Ẹ ṣé gan-an. Àwọn fítíǹgì dígírì 37 yẹn, ṣé ẹ máa ń we téèpù funfun mọ́ tírẹ́ẹ̀dì wọn?

*

Rárá o. Ojú tó rí ṣóṣóró yẹn ló ń dí i, tírẹ́ẹ̀dì kàn ń fà á mọ́ra ni. Tí téèpù bá já sínú, ó lè lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì. Ibi tí a ti ń nílò ohun tó ń dí tírẹ́ẹ̀dì ni ti gééjì, irú èyí tó ń ka ooru tàbí ìfúnpá ọ́ìlì, tó sábà máa ń jẹ́ 1/8 NPT, tírẹ́ẹ̀dì páìpù ti Amẹ́ríkà. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú: 1/8 NPT ní ìlà 27 nínú íǹṣì kan, 1/8 BSP, ti àwọn ará Bìrìtìkó, ní 28. Ihò tó wà lára ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ BSP, gééjì tí wọ́n fún mi jẹ́ NPT. Ó wọlé díẹ̀, ó há. Mo yọ ọ́, mo wá adápítọ̀ kiri. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ yìí, òun ló pẹ́ jù kó tó dé.