Yàrá ìfọṣọ wa: ta ni ká gbọ́ tirẹ̀, bíríkìlà àbí pùlọ́ńbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Yàrá ìfọṣọ kan wà lẹ́yìn kíṣìnnì wa n'Íbàdàn, bíi ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 8. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di ibi iṣẹ́ àṣetiléwá, ìyá mi náà sì ń ṣa ẹ̀wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kan bẹ́ǹṣì sí abẹ́ fèrèsé, kí n sì kan pákó sókè fún ọṣẹ àti bílíìṣì, kí ọwọ́ àbíkẹ́yìn má bàa tó o.

Omi ni wàhálà. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ti ń tú omi dànù, ilẹ̀ ló ń gbà, táìsì á wá máa yọ̀ bí ilá. Bíríkìlà ní ká fọ́ ilẹ̀, ká tún un dà kó dagẹrẹ sójú ihò. Pùlọ́ńbà ní páìpù lásán ti tó. (Owó bíríkìlà pọ̀ jù, ká sòótọ́.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, èwo lẹ ṣe? Ṣé táìsì tí kò dán kì í tètè dọ̀tí?