Àbúrò mi ń dáhùn "a dúpẹ́", ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá àbúrò mi ọkùnrin dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó ni ó ti padà wá bá mi nílé, oṣù kẹta rèé. Tí mo bá béèrè pé ṣé àlàáfíà ni, yóò ní "a dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi", yóò sì ti ilẹ̀kùn padà. Lánàá, mo bá ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí mo gbé fún un ní alẹ́ ìjẹta níbi tí mo gbé e sí, epo ti dì lójú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ tí kò fi ní rò pé mo ń pe òun ní wèrè? Ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè bóyá ó ń ro ikú, kó má lọ jẹ́ pé èmi ni mo gbìn ín sí i lọ́kàn.

Ó Ṣe Mí Rí:
Ẹ kú àmójútó rẹ̀. Ìkíni wa ti ní ìdáhùn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ilé ń jó lé lórí pàápàá yóò ní a dúpẹ́. Ẹ má ka ìdáhùn náà sí irọ́, ẹ kàn má dúró síbẹ̀. Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ó gbé ẹ̀wà wá, ó ní kí n bá òun ṣà á, a sì jókòó ti atẹ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà kẹta tó wá ni ó tó sọ pé, "Mo rí i pé o kò jẹun mọ́, o kò sì sùn. Kí ló ń ṣe ọ́?" Ohun tó fojú rí ló sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé ìyà àwọn mìíràn ju tirẹ̀ lọ, ẹ má sì pe ẹbí jọ lé e lórí.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Arábìnrin mi, ẹ béèrè. Ìbéèrè kì í gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Èyí tó bá ti wà níbẹ̀ ló ń bá a wá ọ̀nà jáde. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ là á mọ́lẹ̀ pé, "Ṣé ó máa ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ?" Tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo, ẹ má wàásù, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlú yín ni ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Àró wà. Lẹ́yìn 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo ń darí rẹ̀, àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ka ẹbí mọ́ ìtọ́jú.

Agbẹjọ́rò Kan:
Ẹ̀rù ọlọ́pàá kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn lọ sílé ìwòsàn. Ìgbìyànjú láti pa ara ẹni ni Abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ń bá wí, kì í ṣe èrò inú. Ẹni tó bá sọ ti ọkàn rẹ̀ fún dókítà kò rú òfin kankan.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gúsí ni mo gbé lọ bá a lónìí, a sì jọ ń bó o. Nígbà tí mo bi í, ó dákẹ́ títí, èèpo kan ṣoṣo ló ń yí láàrin ìka. Ó wá ní, "N kò fẹ́ kú, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí." N kò sọ nǹkan kan, mo ń bó ẹ̀gúsí lọ. Kí n tó dìde, ó ní òun yóò bá mi lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́.