Bí inú ṣẹ́lò ṣe lè dà bí gbọ̀ngàn nínú fọ́tò

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ya fọ́tò inú ṣẹ́lò kan (cello, ohun èlò orin oníwáyà tó dà bí gòjé ńlá) kí ẹni tó bá wò ó lè rò pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni òun wà, irú èyí tí Charles Brooks, ayàwòrán ará New Zealand, máa ń yà. Mo ti ní lẹ́ńsì tó gùn bí ọ̀pá, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20. Mo kọ́kọ́ fi gìtá dán an wò nítorí pé ihò rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí lásán ni fọ́tò náà jọ. Kí ló kù?

Ìdáhùn 1
Ibi tó ṣe bàìbàì nínú fọ́tò yín ló ń tú àṣírí. Bí a bá sún mọ́ nǹkan kékeré, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń hàn kedere. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró nínú gbọ̀ngàn, àti òpó iwájú àti ògiri ẹ̀yìn ni a ń rí ketekete. Nítorí náà, ẹ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ síbi tí kò ti ní mì, kí ẹ ya fọ́tò púpọ̀ láti ojú kan náà, kí ẹ máa sún ibi tó mọ́ kedere síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà kó wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Ọ̀nà tí Brooks náà ń gbà nìyẹn.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni, àmọ́ ní tèmi, ìmọ́lẹ̀ ló ṣe kókó jù. Ẹ má ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí iná wọlé láti ìta gba ihò méjì tó wà lójú ṣẹ́lò, tí yóò di fèrèsé lókè àjà, kí ẹ sì ta bébà funfun síwájú iná náà kó lè rọ̀. Bí ẹ bá tan ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, òjìji òpó kékeré inú rẹ̀ yóò nà gbọọrọ lórí ilẹ̀, fọ́tò náà yóò sì ní ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀ kùtù. Ẹ kó eruku kúrò, nítorí pé òun ló ń sọ bí ibẹ̀ ṣe kéré tó, ṣùgbọ́n ẹ fi àpá ọ̀bẹ tí oníṣẹ́ fi sílẹ̀ lára igi hàn dáadáa.

Ìdáhùn 3
Àtúnṣe ohun èlò orin ni iṣẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀. Ihò ìdí ṣẹ́lò ni lẹ́ńsì yẹn máa gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni igi tó dí ihò náà ló di gbogbo wáyà mú. Kò ṣeé yọ láìjẹ́ pé a dẹ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí a bá sì dẹ wọ́n, òpó inú rẹ̀ lè ṣubú, torí a kì í fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́; bí ó ṣe há láàárín ojú àti ẹ̀yìn ṣẹ́lò ló gbé e dúró. Ẹ wá ṣẹ́lò tí wọ́n ti tú fún àtúnṣe, kí ẹ bẹ oníṣẹ́ náà kó jẹ́ kí ẹ yà á kó tó dí i padà.