Ẹ gbà mí o, ṣé kí n tún ọ́ìlì pọ́ǹpù tírákítọ̀ ṣe ni àbí kí n ra òmíì?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi, Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà, Massey Ferguson 375 ni mo fi ń túlẹ̀ fáwọn èèyàn. Tí mo bá tan án láàárọ̀ géèjì ọ́ìlì, èyí tó ń fi agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì yí ẹ́ńjìnnì ká hàn, á lọ sókè dáadáa, àmọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ bíi wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ńṣe ló máa já wálẹ̀, àgàgà tó bá wà ní slow. Mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, ibi tó wà náà ló wà. Mẹkáníìkì kan tú u, ó ní rotor, ìyẹn irin tó ń yí nínú pọ́ǹpù láti ti ọ́ìlì lọ, ló ti jẹ, ká wá rotor nìkan fi sí i, èkejì ní kí n má dán an wò rárá, odindi tuntun ni kí n rà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó lè má jẹ́ pọ́ǹpù gan-an o, bóyá bíárìn kíránkì (ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ló ti jẹ tàbí relief valve, ìyẹn fáàfù tó ń dín agbára ọ́ìlì kù tó bá pọ̀ jù, ló ń há, kí n wá náwó lásán. Òjò ti dé, mo sì ti gbowó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì mọ́ mi lọ́wọ́ nínú oko olóko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Tòkunbọ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé?