Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ọmọ mi fẹ́ jẹ́sì Giannis

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Indianapolis ni mò ń gbé, Pacers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball) ìlú yìí, sì ni tèmi látìgbà tí mo ti dé síbí. Wàhálà mi ni Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Milwaukee. December 13, 2023, póìǹtì 64 ló dá kó sí wa láwọ̀n, 140 sí 126 ni wọ́n fi nà wá, àwo ìrẹsì wà lórí itan mi títí tó fi tutù, àmọ́ ọmọ mi ọkùnrin ń fò sókè nínú pálọ̀, ó ní "Dádì, orúkọ Yorùbá mà ni!" Kò sì parọ́, Èkó làwọn òbí Giannis ti lọ sí Gíríìsì, ibẹ̀ ni Adétòkunbọ̀ ti di Antetokounmpo.

Lóòótọ́ a lé wọn dànù nínú playoffs (ìdíje àṣekágbá sáà) 2024 àti 2025 (ti 2024 yẹn ó fara pa, kò gbá ìkankan, mi ò lè fi yangàn), síbẹ̀ tó bá ti gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ìṣísẹ̀ mélòó kan péré ó ti dé abẹ́ àwọ̀n, àyà mi á já.

Ní báyìí ọmọ fẹ́ jẹ́sì 34 fún bọ́ọ́dé ẹ̀, ó lóun máa wọ̀ ọ́ jókòó tì mí nígbà tí wọ́n bá wá gbá pẹ̀lú wa. Ìyá ẹ̀ ní kí n rà á, pé ọmọ ilé wa ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á, àbí kí n fi ti Haliburton, agbábọ́ọ̀lù Pacers wa, bẹ̀ ẹ́? Mi ò fẹ́ kó rò pé mo kórìíra ọmọ Yorùbá bíi tiwa.